Advice tàbí advise: ẹ má fi etí yàn án

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ń kọ lẹ́tà ọ́fíìsì, àti ẹ̀yin tó ń múra ìdánwò WAEC, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbára lé etí lórí ọ̀rọ̀ méjì yìí. Èdè Yorùbá kò ní ìró z. Bí Òyìnbó bá pe "advice", tó sì pe "advise", s kan náà ni ọ̀pọ̀ wa ń gbọ́. Ibẹ̀ ni "I was adviced" ti ń wá, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìmọ̀ràn fúnra rẹ̀ ni "advice": "Your advice was useful." Kí èèyàn gba ẹlòmíì nímọ̀ràn ni "advise": "The doctor advised her to rest." Torí náà, s ló wà nínú "advised", "advises" àti "advising". S náà ló wà nínú "Special Adviser" tí abala 151 òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 dárúkọ.

Ibi tí Yorùbá ti ń tan wá nìyí: "ó gbà mí nímọ̀ràn" lè di "he advised me", ó sì lè di "he gave me advice". Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó ṣáájú. Bí "give", "take", "seek" tàbí "ask for" bá ti ṣe iṣẹ́ náà, c lẹ máa kọ.

Àwa a máa sọ pé "ìmọ̀ràn mẹ́ta", a sì ń gbé e wọ inú Gẹ̀ẹ́sì: "three advices". Bí ẹni ń ka omi ni. "Three pieces of advice" ló tọ́. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, "a piece of advice" tàbí "some advice", kì í ṣe "an advice".

Ní ti pípè, ẹ fi ìka méjì lé ọ̀fun. Ẹ fa s gùn: ọ̀fun kò ní mì. Ẹ wá kùn bí oyin: ìka yín á gbọ́ ọ bó ṣe ń gbọ̀n. Z nìyẹn, òun ló parí "advise". Bí z bá ṣì ń ṣòro, ẹ fa fáwẹ̀lì tó ṣáájú rẹ̀ gùn díẹ̀. Olùgbọ́ á mọ̀ ọ́n.

Bákan náà ni "device" àti "devise". Ti "practice" àti "practise" yàtọ̀: ìró kan náà ni méjèèjì, àwọn ará Amẹ́ríkà sì ń kọ c sí méjèèjì. Gẹ̀ẹ́sì ìlú Ọba ni wọ́n fi ń kọ́ wa, c fún ọ̀rọ̀ orúkọ, s fún ọ̀rọ̀ ìṣe; ẹ má po ti ìlú Ọba àti ti Amẹ́ríkà pọ̀ nínú lẹ́tà kan.

Kọ̀ǹpútà á fa ìlà pupa sábẹ́ "adviced". Ṣùgbọ́n "Please advice" sábà máa ń kọjá lójú rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ gidi ni "advice". Kí ẹ tó fi í-meèlì ránṣẹ́, ẹ fojú ara yín wá a ní ìlà tó kẹ́yìn, níbi tó sábà máa ń wà.