Kí ni 121/118 ń ṣe lábẹ́ jíìpù mi?

Awọnlẹ̀ ni mí. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni kí n sọ bí ibì kan ṣe jìnnà sí ibòmíràn, kí ẹnikẹ́ni má sì rí mi bá jiyàn. Ìdí nìyí tó fi dùn mí dé egungun pé oṣù mẹ́jọ gbáko ni jíìpù mi fi ń purọ́ fún mi lórí ọ̀nà tí èmi fúnra mi wọ̀n.

Bíkìnnì méjì kan, ìyẹn òpó àmì àwa awọnlẹ̀, wà tí mo rì mọ́lẹ̀ lẹ́bàá títì, kìlómítà 10 ló wà láàárín wọn. Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ náà ti di tèmi, bí mo bá ti kọjá níbẹ̀, 10.0 ni mítà ọkọ̀ máa ń kà. Lọ́jọ́ kan mo bojú wò ó, mo rí 9.7. Mo ní ojú mi ló ń ṣe é. Nígbà tí mo ń padà bọ̀, 9.7 náà ni. Títì kì í súnkì. Ohun kan ṣoṣo tó yí padà lára ọkọ̀ yẹn ni táyà.

Ẹ̀gbọ́n mi ló fà á. Táyà tó bá ọkọ̀ wá, 265/65R17 112S, ti jẹ tán, ojú rẹ̀ ń dán bí àtẹ́lẹwọ́. Mo wá ń wá táyà A/T, èyí tó lè sáré lórí ọ̀dà, kó sì tún wọ ẹrẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ láìyọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé.

"Ìwọ tó ò ń wọ igbó lójoojúmọ́, kí ló dé tó o fi ń wọ bàtà òde fún un? Táyà pílàì mẹ́wàá ni kó o rà."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rò pé kò ní le jù?"

"Kí ló ń jẹ́ ó le jù? Àgbára ni."

Mo bá lọ ra LT265/70R17 121/118S. LT yẹn ni Light Truck, táyà ọkọ̀ akẹ́rù kékeré. Kí n má parọ́, ó wù mí. Ọkọ̀ mi dúró bí àkùkọ tó fẹ́ jà.

Ìṣirò tí ǹ bá ti ṣe kí n tó sanwó nìyí, mo ṣe é lẹ́yìn tí bíkìnnì ti tú àṣírí. 265 ni bí táyà ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà. 65 kì í ṣe mìlímítà o, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni: gíga ẹ̀gbẹ́ táyà jẹ́ 65 nínú gbogbo 100 tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ìyẹn á jẹ́ mìlímítà 172. Rímù ínṣì 17 jẹ́ mìlímítà 432. Fi ẹ̀gbẹ́ òkè àti ti ìsàlẹ̀ kún rímù, táyà ga ní nǹkan bíi 776. Bí 65 bá wá di 70, ẹ̀gbẹ́ á di 185.5, gbogbo rẹ̀ á sì di 803. Nígbà tí táyà àtijọ́ bá yí lẹ́ẹ̀kan, ó ń rin mítà 2.44. Tuntun ń rin 2.52. Ọkọ̀ ò mọ̀ pé mo ti pààrọ̀ nǹkan kan. Iye ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yí ló ń kà, ó sì ń ṣírò rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni 10 ti di 9.7. Tí mítà eré bá ní mò ń sá 100, mo ti ń sá 103 àti díẹ̀.

Kí ni mo rí gbà nínú gbogbo gíga yìí? Mìlímítà 13 lábẹ́ ọkọ̀. Ìdajì ìyàtọ̀ ni, nítorí àárín táyà ni àsìlì wà. Ìka ọwọ́ mi kan nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí mìlímítà 13, rọ́bà ń ha ike inú fẹ́ńdà níwájú nígbàkígbà tí mo bá yí ọwọ́ ọkọ̀ dé òpin tí mo sì ń fi ẹ̀yìn rìn. Ẹ́ńjìnnì pàápàá ń mí gúlegúle lórí òkè, torí táyà tó ga dà bí ìgbà tí èèyàn bá fi jíà tó yẹ fún eré gun òkè.

Síbẹ̀, gíga kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ tó tóbi jù. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé e ni, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í wò.

Ọmọkùnrin tó ta táyà náà fún mi ṣàlàyé fún mi tinútinú. Ó ní, "Màdáámù, ẹ ṣáà fi òdo kan sí i, kílò ni. 112 jẹ́ kílò 1,120." Òótọ́ ni, 112 jẹ́ 1,120. Àmọ́ ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. 113 jẹ́ 1,150, 115 jẹ́ 1,215, 116 jẹ́ 1,250, 121 sì jẹ́ 1,450. Tábìlì wà fún un, wọn kì í fi òdo kún un. Nínú 121/118, 121 ni ẹrù tí táyà kan lè rù bó bá dá wà ní ẹ̀gbẹ́ kan. 118, ìyẹn kílò 1,320, wà fún ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n de táyà méjì pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan náà lẹ́yìn. Jíìpù mi ò ní irú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀. Ìdajì ohun tí wọ́n kọ sára táyà mi kò kàn mí rárá. Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn jẹ́ ti eré: Q jẹ́ kìlómítà 160 ní wákàtí kan, S jẹ́ 180, T jẹ́ 190.

Pílàì mẹ́wàá tí ẹ̀gbọ́n mi ń kì náà ńkọ́? Lẹ́tà E ló dúró fún un lára táyà LT. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí ẹ bá la táyà náà, ẹ ò ní ka ìpele mẹ́wàá. Ìgbà tí wọ́n ń fi òwú ṣe inú táyà ni orúkọ yẹn ti wá. Ó kàn túmọ̀ sí pé ó lágbára bíi mẹ́wàá ti ìgbà náà.

Ìṣòro mi wá bẹ̀rẹ̀ níbi gèéjì, ìyẹn bí afẹ́fẹ́ inú táyà ṣe le tó, tí wọ́n ń fi psi wọ̀n. Afẹ́fẹ́ ló ń ru ọkọ̀, rọ́bà àti wáyà kàn ń dì í mú ni. Táyà 112 lásán ń ru kílò 1,120 rẹ̀ ní nǹkan bíi 35 tàbí 36 psi. Táyà LT tó jẹ́ E kò lè ru 1,450 tí wọ́n kọ sí i lára àfi tí gèéjì bá dé 80. Lórí gèéjì kékeré, ohun tó ń rù kéré sí ti táyà lásán tí wọ́n jọ fẹ̀ bákan náà. Èmi wá gba ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀ gbọ́, mo fún un ní 29 bó ṣe wí. Ìwé yẹn kò parọ́, táyà tó bá ọkọ̀ wá ló ń bá wí. Oṣù mẹ́ta kò pé, etí táyà méjèèjì ti ń jẹ nígbà tí àárín ṣì wà bó ṣe wà, bí mo bá sì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ìrìn jíjìn tí mo fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọwọ́ ò gbà á.

Ooru yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2000, ní Amẹ́ríkà, wọ́n pe táyà Firestone tó tó mílíọ̀nù 6.5 padà, Wilderness AT sì wà lára wọn. Ojú táyà ń ṣí kúrò lára rẹ̀ lórí eré, púpọ̀ nínú wọn lábẹ́ Ford Explorer. Àwọn Firestone ní 26 psi tí Ford kọ sílẹ̀ fún ọkọ̀ náà ti kéré jù. Àwọn Ford ní táyà ni kò dáa. Ẹni yòówù kó jàre, èmi ò fẹ́ jẹ́ ẹlẹ́rìí kẹta.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà kan. Ó ka ẹ̀gbẹ́ táyà, ó rí 80, ó sì fọn ọ́n dé 80. Ẹ gbà mí! 80 yẹn ni òpin, kò sí ibi tí wọ́n ti ní kí a máa fi rìn lójoojúmọ́. Ọkọ̀ mi ń fò lórí òkúta bí ẹ̀wà nínú agbọ̀n. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, total station, ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn igun àti ìjìnnà, tí mo máa ń gbé sí ẹ̀yìn ìjókòó, bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi ní igun tí kò pé. Owó tí mo fi tún un ṣe ju owó táyà kan lọ. Bàbá tó tún un ṣe bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé ẹ jù ú láti orí òkè ni?"

Ọjọ́ yẹn ni mo tó ṣe ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe. Mo gbé òṣùwọ̀n sílẹ̀, mo wọn gbogbo ohun tí jíìpù mi ń gbé. Èmi àti òṣìṣẹ́ mẹ́ta, kílò 290. Irinṣẹ́, irin bíkìnnì, àdá àti ọkọ́, 135. Omi lítà 60, kílò 60. Àpapọ̀ rẹ̀, 485. Mo wá padà sí ìwé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn: ẹrù tó pọ̀ jù tí àsìlì ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ gbà, ìwúwo ọkọ̀ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú, jẹ́ kílò 1,800. Táyà méjì ló ń pín in, 900 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. 112 ń ru 1,120. Ká tiẹ̀ ní lẹ́tà P, ti táyà ọkọ̀ akérò, ló wà níwájú 265, tí òfin Amẹ́ríkà ní ká fi 1.1 pín ẹrù rẹ̀ bó bá wà lábẹ́ jíìpù, á ṣì ku 1,018. Àyè ṣì wà. Fún ẹrù tí mò ń gbé, 121 dà bí ká fi ìkòkò àsè gbé omi mímu.

N kò sọ pé LT kò wúlò. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nípọn, òkúta ṣóńṣó kì í tètè là á, ẹni tó bá sì ń fa tírélà wúwo tàbí tó ń gun àpáta ní ojoojúmọ́ kò ní àwíjàre tí kò fi ní rà á. Kó ṣáà béèrè tábìlì ẹrù àti gèéjì lọ́wọ́ ẹni tó ṣe táyà náà, kó wá gèéjì tó máa ru iye tí táyà àtijọ́ ń rù. Ohun tó tún yẹ kó mọ̀ ni pé ó wúwo: ọ̀kan nínú tèmi jẹ́ kílò 23, ti àtijọ́ 17. Kílò mẹ́fà lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bíréèkì mọ̀ ọ́n, ṣọ́ọ̀kì mọ̀ ọ́n, epo náà sì mọ̀ ọ́n.

Ohun tí mo rà nígbẹ̀yìn ni 265/65R17 112T, A/T, láìsí LT. Márùn-ún ni mo rà, nítorí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ mi ló ń fà nígbà gbogbo, kò sì yẹ kí èyí tó so mọ́ abẹ́ ga ju àwọn yòókù lọ. Mo dá ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé wá padà: 1819 ló wà lára wọn, ìyẹn ọ̀sẹ̀ kejìdínlógún ọdún 2019. Ọmọkùnrin yẹn ní kò sẹ́ni tó ti lò ó rí. Mo ní mo gbà, oòrùn ti lò ó. 32 ni gèéjì mi lójoojúmọ́, mo máa ń fi kún un lẹ́yìn bí ọkọ̀ bá kún, àárọ̀ kùtù ni mo sì máa ń wọ̀n ọ́n kí ọkọ̀ tó rìn. Bí ẹrẹ̀ bá mu mí, mo máa ń jò ó sí 20, mo rọra wà á jáde, mo tún un fọn kí n tó gorí títì.

Ẹ̀gbọ́n mi wá wò ó. Ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì. "O ti sọ ọ́ di ọkọ̀ olùkọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ṣé ẹ máa gba LT yẹn fún pikọ́ọ̀pù yín tó ń ko yanrìn?"

Ó gbà á, kíá. Mo tẹ tábìlì gèéjì síwèé fún un, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀.

Lánàá mo tún gba ààrin bíkìnnì méjèèjì kọjá. 10.0.