Mo ń wá ojú omi lábẹ́ odò yìnyín, láti Táńkẹ̀, Ìlọrin

Àwọn tó wá yẹ ilẹ̀ wò fún bọ́ọ̀hóòlù nílé wa ló kó mi sí iṣẹ́ yìí. Wọ́n na wáyà, wọ́n gún irin mọ́lẹ̀, wọ́n ń fi iná bátìrì wá omi. Mo bi ọ̀gá wọn pé kí ló dé tí wọn ò lo rédà, ẹ̀rọ tó ń ran ìgbì rédíò sínú ilẹ̀ tó sì ń gbọ́ èyí tó bá padà. Ó ní ilẹ̀ amọ̀ máa ń gbé ìgbì rédíò mì ni. "Àfi tó o bá rí yìnyín gbé e lé." Ó fi ṣẹ̀fẹ̀ ni o, àmọ́ òótọ́ ni: nínú yìnyín Antarctica, ìgbì rédíò máa ń wọlé ju kìlómítà 3 lọ, á sì padà wá jíṣẹ́.

Mi ò ní rédà. Odò yìnyín, ìyẹn yìnyín ńlá tó ń rọra ṣàn, ńkọ́? Èyí tó ṣẹ́kù ní Áfíríkà, orí Kilimanjaro, òkè Kenya àti Rwenzori ló wà, wọ́n sì ń tán lọ. Ohun tí mo ní ni kọ̀ǹpútà alágbèéká àlòkù kan àti gprMax, ètò ọ̀fẹ́ tó ti Yunifásítì Edinburgh jáde. O máa júwe ilẹ̀ fún un, á ran ìgbì sínú ilẹ̀ náà, á sì ya ohun tí rédà ì bá rí.

Tọ́sìdeè. Mo ṣe yìnyín tó nípọn mítà 60, mo tẹ́ àpáta sábẹ́ rẹ̀. Mo gbẹ́ ihò tó fẹ̀ ní mítà 2 síbi tí méjèèjì ti pàdé, mo rọ omi kún un. Irú ihò bẹ́ẹ̀ ni omi tó yọ́ lókè máa ń gbà kọjá nísàlẹ̀. Ohun kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà permittivity tirẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń fa ìgbì sẹ́yìn tó: yìnyín 3.2, àpáta 6, omi 88. (Omi inú ife wa ò ju bíi 80 lọ. Bí omi bá ṣe tutù sí ni nọ́ńbà náà ń ga.) Rédà jẹ́ 50 MHz, ìyẹn ni pé ìgbì rẹ̀ ń mì ní ìgbà mílíọ̀nù 50 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan. Á dún, á sún mítà kan, á tún dún, ìgbà 80. Ẹ̀ẹ̀kan ń gba ìṣẹ́jú 6, ẹ bá mi ṣírò: wákàtí 8.

Sátidé. Lálẹ́ Jímọ̀, mo so ó mọ́ íńfátà, mo dojú fáànù kọ ọ́, mo sùn. Mo kírun Àsùbáà tán, mo ṣí àwòrán náà. Òfìfo! Ìlà kan ṣoṣo ló wà lókè pátápátá, ìyẹn ìgbì tó ti ẹnu rédà bọ́ sí etí ara rẹ̀. Mo tú ohun gbogbo wò, mi ò rí àṣìṣe. Ìgbà tí mo ń fọ abọ́ ló tó sọ sí mi lọ́kàn. Ìgbì ń rin 0.168 mítà nínú yìnyín láàárín nanosẹ́kọ́ńdì kan (ìdá kan nínú bílíọ̀nù sẹ́kọ́ńdì). Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ mítà 120, ìyẹn nanosẹ́kọ́ńdì 714. Èmi sì ní kí rédà gbọ́ fún 600 péré. Àlejò ṣì wà lọ́nà, mo ti ti ilẹ̀kùn. Mo sọ ọ́ di 900.

Sọ́ńdè. Ó jáde! Mo pe bàbá agbẹ́kànga tó ń gbé lẹ́yìn wa, ará Ọ̀fà.

"Bàbá, ẹ wá wo ihò tí mo gbẹ́."

"Ihò kẹ̀? Agboorùn lèmi ń wò yìí."

Wọn ò purọ́. Rédà kì í dúró dìgbà tó bá dé orí ihò kó tó gbọ́ ọ. Ó ti ń gbọ́ ọ látòkèèrè. Ọ̀nà ibẹ̀ gùn, nítorí náà ìró pẹ́ kó tó dé, a sì yà á sísàlẹ̀. Bó ṣe ń sún mọ́ ọn ni ìlà ń gòkè, tó bá kọjá, á tún máa sọ̀ kalẹ̀. Góńgó agboorùn ni orí ihò gan-an.

Bàbá ní, "Ṣé omi ló wà níbẹ̀ àbí òfìfo? Tí mo bá lu ilẹ̀, méjèèjì kì í dún bákan náà."

Mo dákẹ́. Torí wọ́n ti béèrè ohun tí mi ò rò rí.

Wẹ́sìdeè. Mo da omi nù, mo fi afẹ́fẹ́ rọ́pò, mo tún un ṣe lóru. Agboorùn náà tún ni. Tẹ́ ẹ bá wò ó lásán, ẹ ó ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Mo wá fẹ góńgó wọn lójú. Ti omi: funfun, dúdú, funfun. Ti afẹ́fẹ́: dúdú, funfun, dúdú. Ó ti yí padà! Omi ń fa ìgbì sẹ́yìn ju yìnyín lọ, afẹ́fẹ́ ò tó yìnyín, ìdí nìyẹn tí ìró wọn fi kọ ẹ̀yìn síra. Mo fi bírò ṣírò agbára wọn náà: omi ń dá nǹkan bí ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún gíga ìgbì padà, afẹ́fẹ́ 28, àpáta 16. Àpáta náà sì ń tẹ̀lé ètò àwọ̀ omi, nítorí náà ẹni tó bá wo àwọ̀ nìkan lè pe àpáta ní omi.

Kì í ṣe eré ọmọdé ni ìbéèrè Bàbá. Lórí odò yìnyín Rhône ní Siwisálándì, àwọn onímọ̀ fi rédà kọjá lórí ibì kan náà léraléra. Ojú omi tó ń ṣiṣẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, nígbà òtútù ó ti dákẹ́. Hans Röthlisberger, onímọ̀ odò yìnyín, ti ṣàlàyé irú ihò yìí ní 1972: omi tó ń sáré ń mú ooru wá, ó ń yọ́ ògiri ihò, ìwọ̀n yìnyín tó wà lórí rẹ̀ sì ń fún un pa. Tí omi bá dín kù, yìnyín borí. Mo fẹ́ fojú rí apá kìíní, mo ra yìnyín lọ́wọ́ ìyá tó ń ta omi tútù, mo fi wáyà gbígbóná lu ú, mo ń da omi gba inú rẹ̀. Ihò tí ò ju bírò lọ ti gba ìka méjì kí n tó da garawa kan tán. Àwọn ọmọ ilé ló jẹ èyí tó kù.

Lálẹ́ òní, omi ìdajì ihò, afẹ́fẹ́ ìdajì. Kọ̀ǹpútà ti bẹ̀rẹ̀, ó wà ní ìgbà 11. Kí iná ṣáà má lọ.