Ojú Nìkan Kọ́ Ló Ń Ríran: Ẹ̀kọ́ tí Mo Kọ́ Nínú Saikọ́lọ́jì Ọdún Kìíní

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ saikọ́lọ́jì, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń ka orí ìwé tó dá lórí ìríran àti ìrònú bí ẹni ń ka orúkọ àwọn ọba ìlú tí kò dé rí: orúkọ onímọ̀, ọdún, àbájáde, ó parí. Ohun tí mo kọ́, tí mo sì ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá wá bá mi, ni pé kí ẹ má ṣe há ìwádìí kankan sórí bí ẹ bá lè kọ́kọ́ dán an wò lára yín.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ojú. Ẹ mú bébà funfun kan, kí ẹ fi bírò fa àgbélébùú kékeré sí apá òsì, kí ẹ sì kun àmì dúdú tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ sí apá ọ̀tún, kí àlàfo àárín wọn tó sẹ̀ǹtímítà 8. Ẹ di ojú òsì, ẹ tẹjú ọ̀tún mọ́ àgbélébùú, ẹ na bébà náà síwájú, kí ẹ wá máa fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó bá ku nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 kó kan ojú yín, àmì dúdú náà yóò pòórá. Ibì kan wà lẹ́yìn ẹyinjú tí iṣan tó ń gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ gbà jáde, kò sì sí ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀. Èyí tó yẹ kó yà yín lẹ́nu jù ni pé ẹ kò rí ihò kankan níbi tí àmì náà ti pòórá. Bébà funfun lásán ni ẹ rí. Bí ẹ bá fa ìlà gba inú àmì náà kọjá, ìlà yẹn yóò dà bí ẹni pé kò já rárá. Ọpọlọ ti wo ohun tó wà láyìíká, ó sì ti fi dí àlàfo náà láìbi yín. Hermann von Helmholtz, onímọ̀ ilẹ̀ Jámánì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ti sọ pé ìríran jẹ́ ìméfò tí ènìyàn ń ṣe láìmọ̀ pé òun ń ṣe é. Bí ẹ bá di ọ̀rọ̀ Helmholtz yìí mú, ìyókù orí ìwé náà kò ní le fún yín.

Àwòrán ìlà méjì tí Franz Müller-Lyer gbé jáde ní ọdún 1889 ló tún fi ọ̀rọ̀ náà hàn. Gígùn ìlà méjèèjì dọ́gba, àmọ́ orí ọfà tó wà ní ìpẹ̀kun ìkan kọjú síta, ti èkejì sì yí sínú, ojú á sì ka ìkan sí gígùn ju èkejì lọ. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n, kí ẹ tún wò ó: kò ní yí padà. Mímọ̀ kò wo ìtànjẹ ojú sàn. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ sínú ìdánwò pé bákan náà ló ń tan gbogbo ènìyàn, torí pé ní ọdún 1966, Segall, Campbell àti Herskovits tẹ àbájáde ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Áfíríkà, Philippines àti Amẹ́ríkà jáde, ó sì tan àwọn ará Amẹ́ríkà ju ọ̀pọ̀ àwùjọ Áfíríkà lọ. Àlàyé wọn ni pé inú ilé onígun ni àwọn ará Amẹ́ríkà dàgbà sí. Àwọn onímọ̀ mìíràn kò gbà, àríyànjiyàn náà kò sì tíì parí.

Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá ti ní "ìṣojú mi kòró ni" ti fẹ́rẹ̀ẹ́ borí nínú àríyànjiyàn. Elizabeth Loftus àti John Palmer dán èyí wò ní ọdún 1974. Wọ́n fi fíìmù ìjàǹbá ọkọ̀ han àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì bi wọ́n pé báwo ni àwọn ọkọ̀ náà ṣe ń sáré tó. Àwọn tí wọ́n bi léèrè pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó fi hàn pé ọkọ̀ méjèèjì run ara wọn wómúwómú dáhùn ní ìpíndọ́gba 40.5 máìlì ní wákàtí kan. Àwọn tí wọ́n bi pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó fi hàn pé ọkọ̀ méjèèjì kàn fara kanra dáhùn ní 31.8. Fíìmù kan náà ni gbogbo wọn wò.

Ti ìrònú ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ yín pé 2, 4, 6 bá òfin kan tó wà lọ́kàn yín mu, kí ó máa mú nọ́ńbà mẹ́ta mẹ́ta wá, kí ẹ máa dá a lóhùn "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́", títí yóò fi mọ òfin náà. Ó ṣeé ṣe kó mú 8, 10, 12 wá, kó tún mú 20, 22, 24 wá, kó wá fi ìdùnnú kéde pé méjì méjì ni ẹ ń fi kún un. Òfin tí Peter Wason, onímọ̀ saikọ́lọ́jì tó gbé eré yìí kalẹ̀, lò ní ọdún 1960 kò ju kí nọ́ńbà máa pọ̀ sí i lọ. 1, 2, 50 náà bá a mu. Ohun tó máa ti èrò wa lẹ́yìn ni a máa ń wá kiri, a kì í fẹ́ bi í léèrè ohun tó lè wó o lulẹ̀. Àmọ́ èyí yàtọ̀ sí ìlà Müller-Lyer ní ti pé ìlànà wà fún un: kí ẹ tó fọwọ́ sọ̀yà, ẹ mú nọ́ńbà mẹ́ta wá tó yẹ kó gba "bẹ́ẹ̀ kọ́".

Ìlànà yẹn wúlò fún ìwé kíkà pẹ̀lú. Roediger àti Karpicke, ní ọdún 2006, ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tún àyọkà kà, kí àwọn mìíràn sì kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀ láìwo ìwé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó tún un kà ló rántí jù, ìdá 81 sí 75 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó ti di 42 sí 56, àwọn tó kọ ọ́ ti lọ wájú. Nínú ìdánwò wọn kejì, àwọn tó kà á léraléra ló sì dá lójú jù pé àwọn yóò rántí. Nítorí náà, bí ẹ bá ka orí yìí tán, ẹ pa ìwé dé, ẹ kọ ohun tí Helmholtz, Müller-Lyer àti Wason sọ sórí bébà òfìfo, kí ẹ tó ṣí ìwé láti máàkì ara yín.