Ohun Tí Mo Wò Kí N Tó Gbé Iṣẹ́ Ọgbà Ilé Mi Fún Oníṣẹ́

Bí Iléyà bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, kò sí oníṣẹ́ òdòdó kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń dilẹ̀. Ọjọ́ kẹta Iléyà ni Ojúde Ọba, ọdún tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú fi ń lọ kí ọba wọn. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú á ti Èkó, Ìbàdàn àti òkè òkun wálé, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kálukú á máa lọ láti ilé ẹnì kan dé ilé ẹlòmíràn, kò sì sí onílé tí kò ní fẹ́ kí iwájú ilé òun dùn ún wò. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń gbé iṣẹ́ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé fóònù. Èmi náà ní ilé, mo sì ní ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n owó ńlá ni owó ọgbà, ó sì dùn mí tí mo bá rí i tí àwọn èèyàn ń fi ìkánjú ná an. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe yan ẹni tó ṣe tèmi.

Mi ò fi fọ́tò yan ẹnikẹ́ni. Nínú oṣù kẹfà tí òjò ń rọ̀ ṣáá, gbogbo ọgbà ló ń tutù yọ̀yọ̀, ti oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ àti ti ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ohun tí mo ní kí oníkálukú wọn mú mi lọ wò ni ọgbà tó ti lé lọ́dún kan, tí ọyẹ́ ti fẹ́ sí. Koríko kápẹ́ẹ̀tì tí ọ̀pọ̀ wa fẹ́ràn, gbòǹgbò rẹ̀ kò jìn, omi ló sì fẹ́. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ tí kò ní ìlẹ̀dú tó, á gbẹ táútáú kí oṣù kejì tó parí. Ẹni tó mọṣẹ́ á ti ronú nípa ìyẹn láti oṣù kẹrin tó ń gbìn ín.

Tí mo bá dé irú ilé bẹ́ẹ̀, máígádì ni mo kọ́kọ́ máa ń bá sọ̀rọ̀ kí n tó bá onílé. Òun ló ń bomi rin nǹkan, òun ló mọ̀ bóyá àwọn oníṣẹ́ náà padà wá wò ó tàbí wọn kò padà wá. Nílé kan lọ́nà Èjìnrìn, koríko Bahama ni wọ́n tẹ́ sábẹ́ igi máńgòrò. Bahama kì í gbé láìsí oòrùn. Ilẹ̀ abẹ́ igi náà ti yọ bọ̀rọ́ bí orí apárí. Kápẹ́ẹ̀tì ló yẹ níbẹ̀, torí pé ó lè fara da ibòji díẹ̀. Máígádì sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti tún un tẹ́, Bahama kan náà ni wọ́n sì ń gbé wá. Mo kí i, mo bá tèmi lọ.

Nígbà tó yá, mo ní kí àwọn kan wá wo ilé mi. Ẹni àkọ́kọ́, a ò tíì kúrò lẹ́nu géètì tó ti ń ka orúkọ òdòdó sílẹ̀: royal palm síbí, igi masquerade yípo fẹ́ńsì, Ixora sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ti pe owó kó tó dé ẹ̀yìnkùlé. Ẹnìkejì mú téèpù dání, ó wọn ilẹ̀ dáadáa, iye tó pè náà kò wọ́n. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Àmọ́ kò bi mí ní ohunkóhun.

Ẹnìkẹta jẹ́ ọmọbìnrin kan tó kàwé nípa iṣẹ́ yìí ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Abẹ́òkúta. Ó kúnlẹ̀ kí mi tán, ó wo òkè, ó ní:

“Mọ́mì, omi orí òrùlé yìí, ibo ló ń gbà lọ?”

Mo ní ẹ̀gbẹ́ fẹ́ńsì ló ń gbà dé gọ́tà.

“Kì í dúró níbì kankan mà?”

Mo fi ibì kan hàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, níbi tí ẹsẹ̀ máa ń rì lẹ́yìn òjò. Ó ní kí n yá òun ní ṣọ́bìrì. Ó gbẹ́ ihò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ó bu omi kún un, ó sì lọ gbẹ́ irú rẹ̀ níwájú ilé. Iwájú ilé gbé omi mì lójú ẹsẹ̀, torí iyẹ̀pẹ̀ pupa oníyanrìn ló wà níbẹ̀. A padà dé ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná, omi ṣì wà nínú ihò. Ó ní, “Mọ́mì, òdòdó tó máa gbé níwájú lọ́hùn-ún, ó máa rà níbí.” Ó wá bi mí ní ibi tí sọ́kàwé wà, ibi tí kànga wà, àti ẹni tí yóò máa bomi rin ín nínú oṣù kejìlá. Ó tún bèèrè pé: “Tí ẹ bá ń ṣe ìnáwó, ibo ni wọ́n máa ń ta kánópì sí?”

Ìbéèrè yẹn ni mo tìtorí ẹ̀ gbé iṣẹ́ fún un. Ní Ìjẹ̀bú, iwájú ilé la ti ń ṣe ìnáwó. Wọ́n á gún irin kánópì mọ́lẹ̀, wọ́n á to àga, àwọn èèyàn á jó lórí rẹ̀ mọ́jú. Ẹni tó bá tẹ́ koríko sí gbogbo ibẹ̀ láìbèèrè, koríko tí wọ́n máa tẹ̀ pa ló ń tẹ́. Ọmọbìnrin yìí ní kí á fi íńtálọ́ọ̀kì sí àárín, kí ó dà díẹ̀ kúrò lára ilé kí omi má baà padà sí ìdí ìpìlẹ̀, kí koríko àti òdòdó wá wà létí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ omi yìí ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kì í kà sí. Àgbàrá òjò ò lóun ò ní wólé, onílé ni ò ní gbà fún un. Bí wọ́n bá da ilẹ̀ sí iwájú ilé títí tó fi ga ju gọ́tà lọ, omi á wá ọ̀nà gbà, yálà sínú pálọ̀ yín tàbí sínú ọgbà aládùúgbò, ẹjọ́ sì dé nìyẹn. Ẹ bi oníṣẹ́ yín kó fi ọwọ́ tọ́ ọ̀nà omi hàn yín kó tó gbin ohunkóhun.

Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri fún Ixora, àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì gbígbẹ tí àwọn bíríkìlà bò mọ́lẹ̀ ló ń jáde. Ọmọbìnrin náà ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ kúrò, kí wọ́n da ìlẹ̀dú sí i. Ó ṣàlàyé fún mi pé ẹfun inú sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kí Ixora rí èròjà irin fà nínú ilẹ̀, ewé rẹ̀ á wá máa pọ́n, iṣan inú ewé nìkan ni yóò ṣì tutù. Ọ̀pọ̀ á rò pé ajílẹ̀ ló ń fẹ́, wọ́n á máa da ajílẹ̀ sí i, kò ní yàtọ̀. Ẹ̀yin ará Ṣágámù tí òkúta ẹfun wà nítòsí yín, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé Ṣágámù náà ni mo fi mọ ewu igi Ficus. Oníṣẹ́ kan gbin Ficus fún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ńsì, kò sì jìnnà sí sọ́kàwé. Ó lẹ́wà lọ́dún àkọ́kọ́. Gbòǹgbò ló fi wá omi lọ sínú sọ́kàwé, ó sì la fẹ́ńsì. Àwọn tó gé e gba owó ju ẹni tó gbìn ín lọ. Royal palm náà lè ga ju mítà 20 lọ, imọ̀ rẹ̀ wúwo, ibi tí mọ́tò ń dúró sí kọ́ ni wọ́n ń gbìn ín. Bi oníṣẹ́ rẹ pé báwo ni igi yìí yóò ṣe tó lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Tí kò bá lè dáhùn, á jẹ́ pé ó kàn ń ta igi ni.

Ní ti owó, ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé: iye tírípù ìlẹ̀dú, iye igi àti bó ṣe ga tó, ibi tí koríko ti ń bọ̀, ẹni tí yóò pààrọ̀ èyí tó bá kú. Koríko tí wọ́n gé létí títì máa ń kó èpò oníkóró wá. Tí ẹ bá fa èpò náà, á já, kóró á kù nínú ilẹ̀, á tún hù. Kí ẹ sì yọ òdòdó kan nínú ọ̀rá rẹ̀ wò. Bí gbòǹgbò bá ti lọ́ mọ́ra wọn yípo ìsàlẹ̀ ọ̀rá, ó ti pẹ́ jù níbẹ̀. Mo dá apá kan owó dúró títí koríko fi mú ilẹ̀, ọmọbìnrin náà kò sì bínú, ó ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Mo mọ àwọn tí kò kàwé kankan nípa iṣẹ́ yìí tí ọwọ́ wọn mọ́, torí náà mi ò ní ní ìwé ẹ̀rí nìkan ni kí ẹ wò. Ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ yín bá dà gẹ̀ẹ̀rẹ̀, tó jẹ́ pé ògiri ni wọ́n máa fi dá ilẹ̀ dúró, ẹ wá ẹni tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń yàwòrán rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ igi eléso lẹ fẹ́, NIHORT, ilé ìwádìí nípa èso àti ẹ̀fọ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1975, wà fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi Ojúde Ọba ka ọjọ́, ẹ gbọ́ èyí. Lọ́dún 2024, ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ló bọ́ sí. Lọ́dún 2025, ọjọ́ 8 oṣù kẹfà. Òṣùpá la fi ń ka Iléyà, nítorí náà ó ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣáájú lọ́dọọdún. Ó ti ń lọ sápá ìbẹ̀rẹ̀ òjò báyìí, yóò sì wọnú ọ̀gbẹlẹ̀ tó bá yá. Ọgbà tí ẹ bá fẹ́ kí àlejò bá nígbà náà, inú òjò ọdún tó ṣáájú ni kí ẹ ti gbìn ín, kí ẹ sì ti bá oníṣẹ́ ṣe àdéhùn nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì dilẹ̀. Oṣù kẹta dára láti pè wọ́n, kí ilẹ̀ ti wà ní gbígbẹ́ kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé.