Tíṣà Kan Di Mọ́kànlá

Ọmọ mi kẹta ń lo ẹ̀rọ etí. Àkànní ni mo máa pè é níbí, torí ó ti pé ọmọ ọdún 13, kò sì fẹ́ kí n máa gbé ọ̀rọ̀ òun káàkiri. Nígbà tó parí púráìmárì 6, mo rò pé ibi tó le ti kọjá. A ti ṣàyẹ̀wò etí ní UCH, a ti ra ẹ̀rọ, ó ti mọ̀wé kà, tíṣà rẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé àǹtí kan ṣoṣo yẹn ló ń gbé gbogbo ẹ̀ ró. Ó mọ̀ pé tí òjò bá ń lu páànù, kí òun rìn sún mọ́ ọn. Ó mọ̀ pé ẹnu òun ló ń wò. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ síwèé, orí àǹtí ló wà. Ọjọ́ tí Àkànní wọ JSS 1, tíṣà kan di mọ́kànlá, ìkankan nínú wọn ò sì mọ nǹkan kan.

Ẹ̀bi tèmi ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tí a kọ́kọ́ lọ, bí wọ́n ṣe rí ẹ̀rọ létí rẹ̀ báyìí, wọ́n ní ká mú un lọ sí ti àwọn adití. Ọmọ tó ń sọ̀rọ̀, tó ń dá wọn lóhùn! (Mi ò bú ilé ẹ̀kọ́ adití o. Ọmọ tó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni yóò ti gbádùn ìwé. Ti Àkànní yàtọ̀ ni.) Ìyẹn ló fà á tó fi jẹ́ pé nígbà tí a dé èkejì, mo ní kó yọ ẹ̀rọ sápò títí wọn yóò fi gbà á wọlé. Wọ́n gbà á, mo sì panu mọ́.

Ìdajì táàmù ni mo tó ṣí nóòtì Social Studies rẹ̀. Aránṣọ ni mí, ohun tí mo rí jọ aṣọ tí kòkòrò jẹ. Ìlà á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, àlàfo á wà, ọ̀rọ̀ méjì, àlàfo. Ní púráìmárì, ojú bọ́ọ̀dù ni wọ́n ń kọ nóòtì sí. Ní JSS, tíṣà á máa kà á, àwọn ọmọ á máa kọ ọ́, ẹlòmíì á tún kọjú sí fèrèsé kó tó máa kà á. Mo ní, "Kí ló dé tí o ò béèrè?" Ó ní, "Mo béèrè lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní ṣé mi ò létí ni."

Ó dùn mí, ṣùgbọ́n èmi náà ti sọ ọ́ sí i rí. Ẹ wo bí a ṣe ń tọ́mọ nílé wa: àgbà sọ̀rọ̀, ọmọ ní "Ẹ̀n?", ìkó ti bà á lórí. Bí Àkànní ṣe kọ́ láti máa mi orí nìyẹn. Ó gbọ́, ó mi orí. Kò gbọ́, ó mi orí. Gbogbo àdúgbò ń yìn ín pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni.

Onímọ̀ etí ti ṣàlàyé fún mi pé àwọn ìró tó nípọn ń wọlé sí i, àwọn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bíi s, f àti ṣ ni kì í wọlé. Ìdí nìyẹn tí a ò fi tètè mọ̀. Tí mo bá ní "Ṣé o ti jẹun?", bí ohùn ṣe ń lọ sókè lọ sódò ti tó fún un. Yorùbá ń gbé e. Ṣùgbọ́n òyìnbó tí tíṣà ń kà bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀, ibẹ̀ lomi ti ń gbé e lọ.

Mo padà lọ jẹ́wọ́ fún pìrìnsípà. Mo mú àbájáde àyẹ̀wò dání, mo sì ṣe fọtokọ́pì ibi tí òfin ìjọba àpapọ̀ lórí àwọn abirùn, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní January 2019, ti sọ pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé sẹ́kọ́ńdírì. Wọn ò kà á. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe rí i nínú fáìlì mi, wọ́n ní kí n jókòó.

Ìwé tó ṣiṣẹ́ jù ni èyí tí mo fọwọ́ ara mi kọ, ojú kan péré, tí mo ṣe ẹ̀dà mọ́kànlá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọjú sí i tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀. Ẹ má pariwo, torí igbe náà ni ẹ̀rọ yẹn á tún gbé ga. Ẹ jẹ́ kó wo nóòtì ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ. Mi ò kọ ìtàn ìbí rẹ̀ síbẹ̀, tíṣà tó ní ọmọ 60 ní kíláàsì ò ní kà á. Táàmù kọ̀ọ̀kan ni mò ń tún un fún wọn, torí àwọn àgùnbánirọ̀ máa ń lọ, òmíì á dé.

Ní ti ìjókòó, gbogbo ayé á ní iwájú pátápátá. A dán an wò: ó ń gbọ́ tíṣà, ṣùgbọ́n tí ọmọ kan bá dáhùn lẹ́yìn, kò mọ ẹni tó sọ̀rọ̀. Ìlà kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ló bá a mu, níbi tó ti lè yí ojú sí gbogbo wọn. Ẹ tún lọ wo ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ iṣẹ́, kí ẹ tó sanwó. Sátidé la lọ, gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Ọjọ́ Ajé la tó mọ̀ pé ẹ̀rọ ata wà lẹ́yìn ògiri.

Bátìrì ńkọ́? Tirẹ̀ ni nọ́ńbà 13, èyí tó ní bébà aláwọ̀ ọsàn lẹ́yìn. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ. Méjì máa ń wà nínú mathset rẹ̀ nígbà gbogbo. Tó bá ṣí bébà yẹn, kó dúró bí ìṣẹ́jú kan kí afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́ kó tó fi sínú ẹ̀rọ.

Ohun tó pẹ́ jù ni kíkọ́ ọ láti sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Alaalẹ́ ni à ń ṣe é bí eré, èmi ni tíṣà: "Ẹ jọ̀ọ́ ma, mo gbọ́ títí dé ibí yìí, mi ò gbọ́ èyí tó kù." Tó bá ti sọ ibi tó gbọ́ dé, kò sí tíṣà tó lè ní kò fọkàn sí i. Mo sì fòfin de "ṣé o ò létí ni" nílé wa, ìyá mi náà ò gbọdọ̀ sọ ọ́.

Ní JSS 2, àgùnbánirọ̀ tuntun dé. Mo ní kí n ṣe ẹ̀dà ìwé, Àkànní ní òun ti kọ tòun. Ó ti pa "ọmọ mi" rẹ́ níbi gbogbo, ó fi "èmi" sí i. Ó sì fi ìlà kan kún un nísàlẹ̀ tí mi ò mọ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti bí i: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fọwọ́ kàn mí láti ẹ̀yìn, ó máa ń já mi láyà."