Kílò ò yẹ̀, àmọ́ ikùn ń fẹ̀

Nígbà tí mo wọ yunifásítì, rírù ni gbogbo ilé ń bẹ̀rù. Ìyá mi á di gaarí, ẹja gbígbẹ àti ata díndín fún mi kí n má baà joro. Tí mo bá délé fún ìsinmi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kún, inú àwọn àgbà a dùn: "Afẹ́fẹ́ ilé ìwé bá ẹ lára mu o!" Kò sẹ́ni tó ń béèrè ohun tó kún ibẹ̀.

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, tiyín ni mo rò tí mo fi ń kọ èyí. Ẹ má fi kílò nìkan mọ bí ara yín ṣe ń yí padà.

Nílé, mò ń pọnmi, mò ń gúnyán, ẹsẹ̀ ni mo sì fi ń rìn. Ní yunifásítì, kẹ̀kẹ́ Márúwá ló ń gbé wa láti géètì dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì. A ó jókòó lójúmọmọ, a ó tún jókòó kàwé lóru. Iṣan tí a kò lò a máa joro, ọ̀rá a sì gba àyè rẹ̀. Tí kílò kan bá lọ tí òmíràn dé, ojú ìwọ̀n kò ní yẹ̀. Bó ṣe rí fún mi lọ́dún kejì nìyẹn: kílò mi kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbi tó wà, síìpù síkẹ́ẹ̀tì kò sì gòkè mọ́.

Nọ́ọ̀sì kan ló là mí lọ́yẹ. Ẹni tó ga ní mítà 1.65 tó wọn kílò 60, BMI rẹ̀ (ìṣirò tó ń fi kílò wé gíga: a ó fi mítà gíga pín kílò, a ó tún fi í pín èsì rẹ̀) jẹ́ 22. Ó ti ń pọ̀ jù láti 25. 30 sókè ni sísanrajù gan-an. Ìṣirò yìí wúlò, ṣùgbọ́n kò mọ ọ̀rá yàtọ̀ sí iṣan. Ẹ mú téèpù aránṣọ, kí ẹ wọn ikùn yín láàárín eegun ìhà tó kẹ́yìn àti eegun ìbàdí. Tó bá ju ìlàjì gíga yín lọ, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 82.5 fún ẹni tí mo sọ yìí, ẹ tètè wá nǹkan ṣe sí i. Ọ̀rá inú ikùn, tó yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká, ló ń ṣílẹ̀kùn fún àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru.

Àìsùn wà níbẹ̀ o. Bí a bá ń ṣe tídíbì, ìyẹn kíkàwé mọ́jú, léraléra, èròjà tó ń pe ebi a pọ̀ sí i, èyí tó ń sọ fún ọpọlọ pé a ti yó a dín kù. Ìdí rèé tí ìndómì àti búrẹ́dì fi ń wuni ní aago méjì òru. A sì fẹ́ mínírà tì í. Ṣúgà inú ìgò 50cl lè ju gíráàmù 50 lọ, bẹ́ẹ̀ ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó sàn jù kò ju nǹkan bíi 25 lójúmọ́.

Mo mọ̀ pé owó ni kò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ jẹ ohun tó wù ú. Ẹyin ti wọ́n. Èmi àtàwọn tí a jọ ń gbé yàrá máa ń dáwó ra ẹ̀wà, a ó sè é ní ìkòkò kan. Ẹ̀pà rọ́pò ṣúgà nínú gaarí mi. Mo padà sí fífẹsẹ̀rìn, mo sì ń pọnmi fúnra mi gun àjà kẹta.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má febi pa ara yín, iṣan lẹ ó tún sọ nù. Tíì tí wọ́n ń tà pé ó ń fa ikùn wọlé, omi ara ló ń yà dànù. Ọ̀rá ṣì wà níbẹ̀.