Ta ni yóò gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá? Èkó àti England

Ní Èkó, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ní ìsinmi ìbímọ oṣù 6 pẹ̀lú owó oṣù rẹ̀ pé, fún ọmọ méjì àkọ́kọ́. Lọ́dọ̀ aládàáni, òfin iṣẹ́ fún un ní ọ̀sẹ̀ 12, ìdajì owó oṣù ló sì pọn dandan. Bí ìyẹn bá parí, ó kù sọ́wọ́ ìyá àgbà, ọmọ ọ̀dọ̀ tàbí jẹ́lé-ó-sinmi àdúgbò. Ọlọ́jà á pọn tirẹ̀ lọ sí ìsọ̀.

Ní England, òṣìṣẹ́ kò tó, ìjọba sì wá ọwọ́ kún un ní ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kìíní, fún òbí tó ń ṣiṣẹ́, ìjọba ń sanwó wákàtí 30 lọ́sẹ̀ fún ọmọ ní jẹ́lé-ó-sinmi, fún ọ̀sẹ̀ 38 lọ́dún. Láti oṣù kẹsàn-án 2025, ọmọ oṣù 9 náà wà nínú rẹ̀. Kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà tí ìjọba ń fún òbí, la fi ń gbà á. Ó gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, oṣù mẹ́ta mẹ́ta la sì ń tún un fìdí múlẹ̀. Ọ̀nà kejì ni físà olùtọ́jú arúgbó, tí wọ́n ṣí ní oṣù kejì 2022. Láti 11 oṣù kẹta 2024, olùtọ́jú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á kò lè kó ọkọ àti ọmọ wá mọ́. Ní 22 oṣù keje 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó wà lókèèrè.

Ohun tó ń dunni ni pé ọ̀nà méjèèjì kò pàdé. Bí físà àwọn òbí méjèèjì bá ká wọn lọ́wọ́ kò lórí owó ìrànwọ́ ìjọba, wákàtí 30 náà kì í ṣe tiwọn. Obìnrin tó ń wẹ ìyá onílùú kò ní ẹni tí yóò gba ọmọ tirẹ̀. Físà àlejò ni ìyá àgbà máa ń bá wá, oṣù 6 péré.

Ohun tó wà fún wọn rèé: wákàtí 15 lọ́sẹ̀ fún ọmọ ọdún 3 àti 4, láti sáà tó tẹ̀lé ọjọ́ ìbí kẹta, wọn kì í bi físà níbẹ̀. Fún ọmọ ọdún 2, ẹ lọ bá káńsù (ìjọba ìbílẹ̀ yín) bí owó tó ń wọlé bá kéré, tí ìfowópamọ́ kò sì ju £16,000 lọ.

Aago ló kù. Iṣẹ́ ọ̀sán gígùn máa ń lọ láti méje òwúrọ̀ sí méje alẹ́, jẹ́lé-ó-sinmi á sì ti ti ilẹ̀kùn ní nǹkan bí mẹ́fà. Nítorí náà, ọkọ á ṣe òru, ìyàwó á ṣe ọ̀sán. Ẹni tó ti òru dé ni yóò máa ṣọ́ ọmọ láìsùn. Ẹ má kàn gé wákàtí iṣẹ́ kù o: bí owó bá wálẹ̀ ju èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé onígbọ̀wọ́ (ìwé agbanisíṣẹ́ tí ẹ fi gba físà) lọ, físà wà nínú ewu. Ìpààrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni kí ẹ bèèrè, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.